Erùpẹ̀ Pupa Ní Igun Àwòrán

Kí ẹ tó béèrè bóyá iṣẹ́ férémù dára láti kọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ tí kì í gbélé, tí gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ tẹ̀ wò, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì. Níbẹ̀, wọ́n á tún sanwó fún yín pé kí ẹ máa tẹ nǹkan. Èmi ṣe férémù fún ọdún márùndínlógójì kí eegun ẹ̀yìn mi tó ní ó tó, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ràbíátù ni orúkọ mi. Láti Agbowó dé Ojoo, Ìyá Férémù ni wọ́n ń pè mí, àwọn tó sún mọ́ mi ń pè mí ní Ìyá Kúdí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jáde ilé ẹ̀kọ́ tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ló ní kí n jókòó kí n sọ tèmi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni iye tó ń wọlé. Mo dá wọn lóhùn pé ó tó jẹ, ó tó rán ọmọ mẹ́ta níwèé, kò tó ra jíìpù. A ti parí ọ̀rọ̀ owó nìyẹn.

Bàbá mi ń ránṣọ ní Dùgbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oníférémù kan ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá tí èsì mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún kà, wọ́n mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n fà mí lé ọ̀gá náà lọ́wọ́. Kò sí obìnrin kankan nínú iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Ọ̀gá yí ọwọ́ mi síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò burú." Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn.

Gbogbo Dùgbẹ̀ ló mọ ọ̀gá mi sí Bàbá Máfọwọ́kàn-án, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu wọn láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Oníbàárà ni o, ọmọṣẹ́ ni o, ẹni tó kàn yà béèrè ọ̀nà ni o, má fọwọ́ kàn án. Gíláàsì tí a bá ti nù, etí rẹ̀ nìkan la gbọdọ̀ dì mú. Odidi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi, mi ò gé igi, mi ò kan ìṣó. Gíláàsì ni mò ń nù. A ó fi ìwé ìròyìn tó rin díẹ̀ nù ún, a ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, a ó mí sí i lára, a ó tún fi aṣọ nù ún. Lálẹ́, bí mo bá ń lá àlá, gíláàsì náà ni mò ń nù.

Bí férémù kan bá parí, wọ́n á gbé e síta sójú oòrùn, wọ́n á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi ojú kan wò ó. Bí wọ́n bá rí àmì ìka kan ṣoṣo nínú gíláàsì, wọn kì í pariwo, wọn kì í nà mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n máa ń sọ: "Tú u." Kí n yọ ìṣó ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n yọ páálí, kí n yọ àwòrán, kí n yọ gíláàsì, kí n nù ún, kí n tún gbogbo rẹ̀ tò. Mo ti tú férémù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan rí. Fọ́tò bàbá arúgbó kan tó wọ agbádá ni. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó ń ṣe mí bíi pé bàbá náà ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ń gbọ́ "Tú u" náà láti ìdí máṣíìnì wọn, wọn ò sì dá sí i. Lọ́jọ́ tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá wọn pẹ̀lú omijé lójú. Wọn ò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lórí aṣọ tí wọ́n ń rán. Wọ́n ní, "Ṣé ìka tìrẹ ni wọ́n rí níbẹ̀ àbí tèmi?" Mo yí padà, mo lọ tú u.

Òfin ọ̀gá mi pọ̀ bí irun orí, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ló kan ohun tí mo fẹ́ sọ. Èkíní ni ti ikán. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tuntun lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn tiwa, àwòrán tó bá fara ti ògiri tí ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò fún ọdún kan, ikán ti kọ́lé sí i. Igun ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń bá wọlé. Wọ́n á fa erùpẹ̀ pupa lọ bí okùn, wọ́n á sì máa jẹ páálí lábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí oníbàárà bá gbé irú rẹ̀ wá, ọ̀gá mi ò ní kan igi tuntun mọ́ ọn títí a ó fi ha gbogbo erùpẹ̀ yẹn, tí a ó fi fọ́ọ̀mù tútù nù ún mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ikán ò gbọdọ̀ bá férémù àwọn jáde.

Èkejì ni pé ohunkóhun tó bá já bọ́ lára ẹrù oníbàárà, ti oníbàárà ni. Bí etí fọ́tò bá ṣí kúrò, ì báà kéré bí èékánná, a ó pọ́n ọn sínú bébà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù. Bí ó bá jẹ́ inú omi ló ṣí sí, a kì í da omi náà nù kí ẹni tó ni ín tó fojú rí i. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni èèyàn fẹ́ fi omi ìdọ̀tí ṣe. Wọ́n ní, "O ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára rẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni.

Mo lo ọdún márùn-ún kí wọ́n tó gbàdúrà fún mi. Mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i, mo fẹ́ ọkọ mi, Bàbá Kúdí, tí takisí wọn ń ná Dùgbẹ̀ sí Bódìjà. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 wọlé, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Agbowó, ní ọ̀kánkán yunifásítì. Sátífíkéètì àti fọ́tò àwọn tó gboyè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á ní, "Màmá, abẹ́g, ṣáápù ṣáápù," bí ẹni pé igi ń gé ara rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó.

Níbẹ̀ ni tọkọtaya kan láti Bódìjà ti bá mi. Ọkọ, tí à ń pè ní Bàbá Ṣeun, ń mọ amọ̀. Ìkòkò ni o, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi se nǹkan, nítorí òmíràn ní ẹnu mẹ́ta, òmíràn ò lẹ́nu rárá. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣeun, ń kun aṣọ, ó sì ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo parí iṣẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀, mo gbé e síta, mo rí àmì ìka mi nínú gíláàsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní kí n fi sílẹ̀, òun ò rí nǹkan kan. Mo ní èmi rí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí oníférémù mìíràn fún wọn mọ́ ní gbogbo Ìbàdàn.

Ilé wọn ní Bódìjà, kò sí ògiri tó ṣófo. Iṣẹ́ tiwọn kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti àwọn ọ̀rẹ́ àti olùkọ́ wọn ni. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi iṣẹ́ tiwọn pààrọ̀ òmíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe àwòrán tí mo mọ̀, kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sí igi, kò sí ilé. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ṣeun gbé ọ̀kan wá tó jẹ́ ìlà dúdú mẹ́ta àti ohun róbótó kan tó jọ àkàrà tó jóná. Mo ní, "Ẹ má bínú o, kí lèyí?"

Ó ní, "Ìyá Kúdí, ìró tí ẹ ró yẹn, àwòrán kí ló wà lára rẹ̀?"

Mo wo ara mi. Ìlà ni, pẹ̀lú àmì tótòtó. Mo ní kì í ṣe àwòrán nǹkan kan.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi rà á?"

Mo ní ó wù mí ni. Ó ní, "Ẹ ti dá ara yín lóhùn." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan wọn dáadáa kí n tó kan igi mọ́ ọn. Àwọn kan wà tí mi ò fẹ́ kí wọ́n wá gbé lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá a lọ fún bí ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn òjò ọdún kan báyìí, Bàbá Ṣeun àti ìyàwó rẹ̀ fi okùn di àwòrán ńlá kan mọ́ orí ọkọ̀ wọn wá sí Agbowó. Ó ga tó ilẹ̀kùn. Aṣọ líle ni wọ́n kùn ún sí. Òkè rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ rí bí eérú, ìlà aró ńlá kan sì là á kọjá bí odò. Wọ́n ní olùkọ́ àwọn ló ṣe é, bàbá tó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni àwọn ti pàdé ara wọn. Bàbá náà ti kú. Èyí ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn, inú yàrá ìkẹ́rùsí ló sì wà títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gbé e fún wọn. Ìyá Ṣeun ní, "Ìyá Kúdí, kò sí ìkejì rẹ̀ láyé. Ẹ bá wa fi gíláàsì sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gíláàsì náà jìnnà sí i díẹ̀."

Ká ní mo bi í pé kí ló dé tí gíláàsì gbọdọ̀ jìnnà sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí níbẹ̀. Mi ò bi í. Mo rò pé mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Eruku yàrá ìkẹ́rùsí ti bò ó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Ìgbà náà ni mo rí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Erùpẹ̀ pupa ni, ó le gbagidi, ó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin ikán yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ olóògbé náà lẹ ò fi sílẹ̀." Mo pọn omi sínú báàfù kékeré, mo ki fọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́, mo fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Inú mi dùn pé mo tètè rí i, mo tilẹ̀ ń ro bí mo ṣe máa sọ fún Ìyá Ṣeun pé mo gba àwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ń ṣí wẹ́rẹ́. Omi báàfù ti pọ́n. Mo ti nù tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí ọwọ́ mi tó dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ha erùpẹ̀ ikán rí mọ̀ pé ihò máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Kò sí ihò nínú èyí. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ sì le dáadáa, kò sí ibi tí wọ́n jẹ. Gọ́ọ̀mù ló wà lójú aṣọ náà. Mo wọ jígí ojú mi, mo tẹríba wo èyí tó kù. Mo rí ojú ìlà nínú erùpẹ̀ náà, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n nípọn, wọ́n sì gbọ̀n díẹ̀. Ìka ni. Èèyàn ló fi ìka fa erùpẹ̀ yẹn síbẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kàn án, mo sì ti nu ọwọ́ òkú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi ẹ̀rọ.

Bàbá Kúdí yà wá jẹun ní ọ̀sán, wọ́n sì bá mi bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n da orí sí ọ̀tún, wọ́n dà á sí òsì.

Wọ́n ní, "Ràbí, ibo ló bàjẹ́?"

Mo fi hàn wọ́n.

"Ìyẹn náà ni? Bu ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, kí o fi dí i. Àwọn tó ni ín fúnra wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ohun tó kù?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo dìde, mo bu ilẹ̀ náà. Mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi díẹ̀ sára páálí, mo fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ igun àwòrán. Ó bá a mu. Mo ti ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó má bá a mu, kí n lè rí ohun tí màá wí. Bí mo ṣe rí i pé mo lè ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí bí mo bá dí i, ojoojúmọ́ ni Ìyá Ṣeun yóò máa wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, tí yóò máa rò pé ọwọ́ olùkọ́ òun ni.

Mo ní, "Bàbá Kúdí, ẹ bá mi gbé e sórí ọkọ̀."

Wọ́n ní, "Àwọn oníbàárà tó dára jù tí o ní nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò. Èyí tí o fẹ́ lọ sọ yìí, kì í ṣe obì ni wọ́n máa yọ."

Mo ní mo mọ̀. Ó ń dùn mí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Iṣẹ́ tọkọtaya yẹn nìkan ni mo máa ń jí rò ní àárọ̀, ìyókù jẹ́ sátífíkéètì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì dé Dùgbẹ̀, tí Bàbá Máfọwọ́kàn-án gbọ́, mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n.

A fi okùn di àwòrán mọ́ orí takisí, a fi ọ̀rá bò ó. Báàfù omi pupa náà, mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi níwájú ọkọ̀, mo fi abọ́ dé e. Bí a bá ti kan gegele, màá ní kí ọkọ mi rọra. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Ṣé omi Sámúsámù Mẹ́kà ni?" Mo ní kí wọ́n ṣáà rọra. Láti Agbowó dé Bódìjà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gùn lójú mi bí ìrìn àjò Ìlọrin.

Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ẹ̀bi kan ẹnikẹ́ni. Mo sọ ti ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo pò pẹ̀lú. Ìyá Ṣeun dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú igun àwòrán náà, ó sì kẹ̀yìn sí gbogbo wa.

Bàbá Ṣeun ní, "Kí ló dé tí ẹ fi nù ún?"

"Mo rò pé ikán ni, sà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín kúkúrú. Ó ní, "Bàbá ì bá rẹ́rìn-ín sí èyí."

Ìyá Ṣeun ò yíjú. Ó ní, "Má sọ ohun tí Bàbá ì bá ṣe. Bàbá ti kú." Ọkọ mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú.

Ìyá Ṣeun tọ́ka sí erùpẹ̀ tó kù. Ó ní kòtò kan wà ní ẹ̀yìnkùlé bàbá náà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wa amọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àìsàn mú bàbá náà tí kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́, ó ní kí wọ́n bá òun bu ilẹ̀ láti inú kòtò yẹn. Ìka ló fi ṣe igun náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Wọ́n ti dí kòtò náà báyìí, àwọn ọmọ ti ta ilẹ̀.

Mo sunkún. Mi ò sunkún kí wọ́n lè ṣàánú mi, ojú ló tì mí tí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìgbà náà ni Ìyá Ṣeun yíjú sí mi. "Omi tí ẹ fi nù ún ńkọ́? Ẹ ti dà á nù?"

Mo ní, "Ó wà nínú ọkọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé e. Ó ṣí abọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó wò ó, ó gbé e sí ibi tí oòrùn máa ń dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n lọ, kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò ní dárí jì mí. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mi ò ṣe iṣẹ́ kan tó dára. Mo gé igi kúrú, mo tún un gé, ó tún kúrú.

Nígbà tí mo padà, omi náà ti fà gbẹ. Erùpẹ̀ tó kù ní ìsàlẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ. Ìyá Ṣeun ti lọ̀ ọ́, ó ti pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù nínú àwo, ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì oúnjẹ. Mo yíjú sí ọkọ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ ń mọ amọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi sí i."

Ó mi orí. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Bí èmi tàbí òun bá fi sí i, a máa ṣe é kó jọ ti Bàbá. A mọ ọwọ́ rẹ̀, a máa gbìyànjú. Tó bá yá, àwa náà ò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi sí i, Ìyá Kúdí, kí a lè mọ ibi tí ti Bàbá parí sí."

Mo ní, "Èmi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ó ní, "Ẹ ti fọwọ́ kàn án."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo ṣe bísímílà, mo ki ìka mẹ́ta bọ inú àwo, mo fà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó tutù. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dé gbogbo ibi tí mo nù. Ìka ti bàbá nípọn, ó sì gbọ̀n. Tèmi tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ tààrà bíi ti ẹni tó ń nu gíláàsì. Ọmọdé tó bá wò ó máa mọ̀ pé ẹni méjì ni.

Mo kan férémù rẹ̀, mo jẹ́ kí gíláàsì jìnnà sí i ní ìwọ̀n ìka méjì, mi ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ṣì ń gbé iṣẹ́ wá fún mi, ṣùgbọ́n ó tó ọdún kan kí Ìyá Ṣeun tó tún bá mi ṣàwàdà. Mi ò bínú sí i. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó mú fọ́ọ̀mù, màá bi í pé èwo ni ìdọ̀tí níbí, èwo ni iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, díámọ́ńdì kékeré kan la fi ń gé gíláàsì, wọ́n so ó mọ́ ọrùn bíi tírà, wọn kì í yá ẹnikẹ́ni. Igi, inú àpótí kan tí a la ojú sí lára kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ la ti ń gé e, kí igun méjì lè pàdé. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, àlàfo á wà, wọ́n á sì ní kí o tú u. Nígbà tó yá, igi tí wọ́n ti fín lọ́nà, tí wọ́n ti kùn ní wúrà, bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń yin ìṣó bí ìbọn dé, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wákàtí kan di ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni férémù oníke wọ̀lú, olówó pọ́ọ́kú, tí èèyàn lè rà ní ojú pópó kó sì ki fọ́tò bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wa ní Dùgbẹ̀ kógbá sílé. Mo lo ẹ̀rọ ìṣó náà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ fún ọ pé ohun tó wà níwájú rẹ kì í ṣe ikán.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, ọ̀gá mi ti darúgbó, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn ní Ṣálẹ́ńjì. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ náà fún wọn rí. Mò ń lọ kí wọn, màá gbé èso dání, màá sọ̀rọ̀ ohun gbogbo àyàfi èyí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn gbọ́ pé odidi ilé kan wà ní Bódìjà tó jẹ́ pé ọmọṣẹ́ àwọn ló ṣe gbogbo férémù rẹ̀, àwọn fẹ́ fojú rí i kí ojú tó kọ̀. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá.

Ọkọ mi fi takisí gbé wa lọ. Tọkọtaya náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n wọn ò jókòó. Wọ́n ń lọ láti ògiri dé ògiri, wọ́n ń da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi ojú kan wò ó bíi ti ìjọ́sí. Wọn ò wo àwòrán. Igun igi àti gíláàsì ni wọ́n ń wò. "Ó dáa," ni wọ́n ń wí. "Èyí náà dáa." Mò ń tẹ̀lé wọn bí ọmọ ọdún méjìdínlógún.

A dé iwájú èyí tó ga tó ilẹ̀kùn. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́, wọ́n wá tẹríba díẹ̀díẹ̀ títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì ní igun ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Àmì ìka wà nínú èyí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ti ẹni méjì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Tèmi ni." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀, ní òró, lójú tọkọtaya náà àti lójú ọkọ mi: ikán tí kì í ṣe ikán, fọ́ọ̀mù tútù, ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, báàfù omi tí mi ò dà nù. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n ṣì tẹríba síbẹ̀, èémí wọn ti bo gíláàsì náà fúú. Mo ti ń ka iye ìṣó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkàn mi, mò ń retí ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀.

Wọ́n yọ áńkáṣíìfù nínú àpò. Wọ́n nu èémí wọn kúrò lójú gíláàsì, wọ́n sì fara balẹ̀ nù ún kí ìka wọn má baà kàn án.

Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."